Aṣọ Kan Lẹ́ẹ̀kan: Ìtọ́sọ́nà fún Télọ̀ Tí Iṣẹ́ Pọ̀ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Bí òde bá wà ní Sátidé, ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lọ́sàn-án Ọjọ́rú kí ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀. Bùbá léèsì kan wà lórí tábìlì, wọ́n ti gé ara rẹ̀, wọn ò tíì gé apá. Gáùn àǹkárá wà lẹ́nu máṣíìnì, ó ku síìpù. Ṣòkòtò wà lórí àga, ẹsẹ̀ kan ti wọlé, èkejì ò tíì wọlé. Ọ̀gá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago méje àárọ̀, kò tíì jẹun, síbẹ̀ kò sí aṣọ kan ṣoṣo tí oníbàárà lè wá gbé lọ.

Akíkanjú ni irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó fi ń ṣiṣẹ́ ló ń jẹ agbára rẹ̀. Aṣọ kì í sábà bàjẹ́ nígbà tí ọkàn àti ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀. Ibi tí a ti fi í sílẹ̀ lọ mú òmíràn, àti ìgbà tí a bá padà sí i, ni àṣìṣe ti ń wọlé. Nítorí náà, ohun méjì ni a fẹ́ kọ́ níbí: bí a ṣe lè dín iye ìgbà tí a ń fi aṣọ sílẹ̀ kù, àti bí a ṣe lè mọ ibi tí a lè fi í sílẹ̀ tí kò ní dá wa lóró. Ó kan ẹni tó ń dá ránṣọ nínú yàrá rẹ̀, ó kan ẹni tó ní ọmọṣẹ́ mẹ́fà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọkàn

Ẹni tó ń la ṣọ́ọ̀kì sára aṣọ tó tún ń dá WhatsApp lóhùn máa ń rò pé òun ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ọkàn ń fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì ni. Gbogbo ìgbà tó bá sì fò, ó ní láti tún òfin iṣẹ́ náà rántí: ínṣì mélòó ni mo fi sílẹ̀ fún ìrán, apá wo ni ti ọ̀tún, ojú wo ni ojú aṣọ? Arthur Jersild dán èyí wò ní Amẹ́ríkà ní 1927, ó sì rí i pé ẹni tó ń yí láti oríṣi ìṣirò kan sí òmíràn máa ń lọ́ra ju ẹni tó ń ṣe oríṣi kan lọ. Ní 2001, Joshua Rubinstein, David Meyer àti Jeffrey Evans fi hàn pé bí òfin iṣẹ́ bá ṣe díjú tó ni àkókò tó ń ṣòfò nídìí ìyípadà ṣe ń pọ̀ tó. Òfin bùbá kò díjú. Ti gáùn oníkọ́sẹ́ẹ̀tì díjú gan-an.

Ìwádìí tó kan télọ̀ jù ni ti Sophie Leroy ní 2009. Ó rí i pé bí ènìyàn bá fi iṣẹ́ kan sílẹ̀ láìparí lọ mú òmíràn, apá kan ọkàn rẹ̀ á ṣì wà lọ́dọ̀ èyí tó fi sílẹ̀. Ara ẹni ti wà nídìí ṣòkòtò, ọkàn ṣì ń ro síìpù gáùn.

Kí ló dé tí a fi máa ń rò pé à ń yára nígbà náà? Gloria Mark àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èsì kan jáde ní 2008 tó tan ìmọ́lẹ̀ sí i: àwọn tí wọ́n ń dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ tilẹ̀ parí kíákíá, ṣùgbọ́n ìkánjú, wàhálà àti ìnira wọn pọ̀ sí i. Iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n fi dán an wò, ìyẹn dídáhùn lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́tà tí a fi ìkánjú kọ ṣeé tún kọ. Léèsì tí a ti gé kò ṣeé lẹ̀ padà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí

Ká ní aṣọ mẹ́ta wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba wákàtí mẹ́rin. Bí ẹ bá rán ọ̀kan tán kí ẹ tó mú èkejì, àkọ́kọ́ á parí ní wákàtí kẹrin, èkejì ní wákàtí kẹjọ, ìkẹta ní wákàtí kejìlá. Bí ẹ bá ń fi wákàtí kọ̀ọ̀kan yí wọn ká, àkọ́kọ́ ò ní parí títí di wákàtí kẹwàá, èkejì á di ìkọkànlá, ìkẹta á di ìkejìlá. Ẹni tó ni aṣọ kẹta ò jèrè nǹkan kan. Àwọn méjì tó kù fi wákàtí mẹ́fà àti wákàtí mẹ́ta ṣòfò. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń lé eku méjì á pòfo. Ẹni tó ń rán aṣọ mẹ́ta pọ̀ lè má pòfo, ṣùgbọ́n á pẹ́ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀.

Ìṣirò yìí ò tíì ka ìyípadà fúnra rẹ̀ kún un. Yíyí wọn ká ní wákàtí kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìyípadà mọ́kànlá. Rírán wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ méjì péré. Bí pípààrọ̀ òwú òkè, bọ́bìnì tó ń gbé òwú ìsàlẹ̀ àti abẹ́rẹ́, àti wíwá ibi tí a dé dúró, bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ìyípadà mẹ́sàn-án tó lé yẹn ti jẹ wákàtí kan àti ààbọ̀. Epo tó ń jó nínú jẹnẹrétọ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, owó yín ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó gbogbo iṣẹ́ jáde kúrò lórí

Ẹ ra ìwé ńlá kan tí kò ní ṣe iṣẹ́ mìíràn. Aṣọ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀: orúkọ ẹni tó ni ín, irú aṣọ, ọjọ́ tí ó ń bọ̀ wá gbé e, iye wákàtí tí ẹ rò pé ó máa gbà, àti ohun tó kù láti ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ kan ìṣó mẹ́rin mọ́ ògiri, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan: *kò tíì gé*, *ti gé*, *wà lẹ́nu máṣíìnì*, *ti tán*. Aṣọ kọ̀ọ̀kan á wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú síìpù rẹ̀, òwú rẹ̀, bọ́tìnì rẹ̀, láínìn rẹ̀ àti bébà ìwọ̀n rẹ̀, ọ̀rá náà á sì máa ti orí ìṣó kan bọ́ sórí èkejì.

Ọ̀rá yìí ṣe pàtàkì ju bí ó ṣe rí lójú lọ. Ohun tó ń fa ìdádúró jù ní ṣọ́ọ̀bù ni wíwá nǹkan: apá aṣọ kan ti bọ́ sínú àwọn àgékù aṣọ nílẹ̀, wọ́n fẹ́ gbá a dànù. Bí ẹ bá dìde láti wá a, ẹ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Òfin tó wà lórí àwọn ìṣó náà nìyí: fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ń jókòó ti máṣíìnì, ọ̀rá kan péré ló gbọ́dọ̀ wà lórí *wà lẹ́nu máṣíìnì*, kan péré ló sì lè máa dúró dè é lórí *ti gé*. Èyí tó kù ò gbọ́dọ̀ kúrò lórí ìṣó àkọ́kọ́, bó ti wù kí oníbàárà náà pariwo tó. Ọ̀pọ̀ télọ̀ ló máa ń yára gé aṣọ kí oníbàárà lè rí i pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ìtùnú tí ìyẹn ń fún oníbàárà kì í ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n aṣọ tí a gé tí a ò rán ti di ẹrù lórí ọkàn yín.

Èwo ni ká kọ́kọ́ mú? Ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ wá gbé e ni kó pinnu. Bí ọjọ́ méjì bá ṣe déédéé, ẹ mú èyí tí kò ní pẹ́ tán. Aṣọ kan wà tí òfin yìí kò kàn: èyí tó máa jáde lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bí agbádá tó ń lọ gba iṣẹ́ ọnà lọ́rùn tàbí gáùn tó ń lọ gba òkúta. Ẹ ṣe ti ìyẹn ṣáájú gbogbo rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ tó fi wà níta, kò gba ọwọ́ yín, kò sì gba ọkàn yín.

Ìwọ̀n

Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ni wíwọn ènìyàn kan. Kò sí ohun tó yẹ kó wọ inú ìṣẹ́jú yẹn. Fóònù yín á dojú bolẹ̀, ẹ ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ oníbàárà náà pé kó gbé tirẹ̀ sílẹ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ ká wọ̀n yín tán ná, kò ní pẹ́.” Ẹni tó gbé fóònù sétí ti gbé apá kan sókè. Èjìká ti yí, àyà ti gbéra, nọ́ńbà tí téèpù ń sọ kì í ṣe ti ara rẹ̀ nígbà tó bá dúró déédéé. Bí aṣọ ṣe máa ń fún un lápá kan, tí ìkejì sì dára, kò ju ìyẹn lọ.

Ẹ máa tẹ̀lé ètò kan náà lórí gbogbo ènìyàn, láti òkè wá sísàlẹ̀: èjìká, àyà, abẹ́ ọmú, ìbàdí, ìdí, gígùn apá, yíká apá, gígùn aṣọ. Ẹ pe nọ́ńbà sókè, kí ọmọṣẹ́ tún un pè kó tó kọ ọ́. Bí ẹ bá dá wà, ẹ kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń wọ̀n ọ́n, ẹ má kó mẹ́ta jọ sórí kí ẹ tó kọ wọ́n. Bí nǹkan bá dá yín dúró láàárín, bí ó ti wù kó kéré tó, ẹ padà sí èyí tí ẹ kọ gbẹ̀yìn kí ẹ tún un wọ̀n. Kí oníbàárà tó dìde, ẹ ka gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ wo bóyá ó bá ara mu: bí ìdí obìnrin bá kéré ju ìbàdí rẹ̀ lọ nínú ìwé, tàbí tí nọ́ńbà kan ṣàdédé lé ní 90, ó ṣeé ṣe kí téèpù ti yí padà sí ojú sẹ̀ǹtímítà. Ínṣì 36 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 91 ní ojú kejì.

Gígé: àkókò tí ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ dákẹ́

Bí ẹ ò bá ní yí nǹkan mìíràn padà nínú gbogbo ohun tí a kọ síhìn-ín, ẹ yí èyí. Gbogbo iṣẹ́ tó kù nínú ìránṣọ ló ní àtúnṣe: ìrán tó wọ́ ṣeé tú, síìpù tó wọ́ ṣeé yọ, etí ìsàlẹ̀ tó gùn ṣeé ká. Gígé nìkan ni kò ní ọ̀nà ẹ̀yìn.

Òfin kan wà tí àwọn awakọ̀ bàálù ń tẹ̀lé ní Amẹ́ríkà láti 1981. FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, ló ṣe é: níwọ̀n ìgbà tí bàálù bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀, tó sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10,000, awakọ̀ ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ tàbí ṣe ohunkóhun tí kò kan ìwakọ̀ náà. Lókè, wọ́n lè tàkúrọ̀sọ. Wọ́n mọ ibi tí ewu wà, wọ́n sì fi ìdákẹ́jẹ́ yí i ká. Ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, orí tábìlì gígé ni ibi náà.

Ẹ yan wákàtí kan àti ààbọ̀ láàárọ̀, kí oníbàárà tó máa wọlé, bí aago méje sí aago mẹ́jọ ààbọ̀. Ojú ríran dáadáa nígbà yẹn, ara ò tíì rẹ̀, gígé ò sì nílò iná NEPA. Fóònù á wà nínú dúrọ́ọ̀, kì í ṣe lórí tábìlì. Ọmọṣẹ́ mọ̀ pé tí sísọ́ọ̀sì bá wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ohun tó lè mú un pè é ni iná tàbí ẹ̀jẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ́ aṣọ, tí ẹ sì ti fi ṣọ́ọ̀kì la gbogbo rẹ̀, ẹ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ẹ bi ara yín láwọn ìbéèrè yìí, ẹ fi ẹnu dáhùn wọn sókè:

– Ṣé ẹyẹ, òdòdó tàbí ojú tó wà lára àǹkárá yìí dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn? Àǹkárá tó ní orí àti ìdí máa ń jẹ aṣọ ju èyí tí kò ní lọ.

– Ṣé gbogbo ẹ̀yà ló wà lórí aṣọ báyìí, títí kan apá, kọ́là àti aṣọ inú ọrùn? Ẹni tó bá gé ara tán kó tó ronú apá ló máa ń sáré lọ ọjà lọ wá yáàdì kan, tí wọ́n á sì sọ fún un pé òǹtẹ̀ yẹn ti tán.

– Ṣé mo fi ààyè ìrán sílẹ̀? Ínṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí ara ń sanra. Ààbọ̀ ínṣì lọ́rùn àti níbi tí apá ti wọlé. Ínṣì méjì nísàlẹ̀.

– Ṣé iwájú méjèèjì dojú kọ ara wọn, àti apá méjèèjì? Bí ẹ bá ń gé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìká aṣọ po, ibí ni ẹ ti máa gé apá òsì méjì.

– Ṣé ẹni tí mo ń ka ìwọ̀n rẹ̀ yìí ló ni aṣọ yìí? Ẹ wo orúkọ lórí ọ̀rá, ẹ wo orúkọ lórí bébà.

Láàárín ìgbà tí ṣọ́ọ̀kì parí sí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì wọ aṣọ, ẹ lè dúró bó ṣe wù yín. Bí sísọ́ọ̀sì bá ti wọlé, ẹ gé gbogbo ẹ̀yà tán, ẹ dì í pọ̀, ẹ kó o sínú ọ̀rá rẹ̀ kí ẹ tó gbójú sókè.

Aṣọ ẹbí ní ìṣòro tirẹ̀, òun nìkan sì ni òfin ọ̀rá kan péré lórí ìṣó *ti gé* kò kàn. Ènìyàn márùn-ún mú aṣọ kan náà wá, ó sì bọ́gbọ́n mu kí ẹ gé wọn láàárọ̀ kan náà, nítorí iṣẹ́ kan náà ni ọwọ́ ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yà márùn-ún tó jọra bí ìbejì ò ní sọ orúkọ ara wọn. Kí ẹ tó mú aṣọ ẹni kejì, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà méjì àkọ́kọ́ orúkọ ẹni àkọ́kọ́ sí ẹ̀yìn ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, títí kan kọ́là. Ẹ gé wọn tẹ̀lé ara wọn, ṣùgbọ́n ẹ rán wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́nu máṣíìnì

Ẹ to ohun gbogbo sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ tó kan pẹ́dàlì. Ẹ ká bọ́bìnì mẹ́ta ní àwọ̀ òwú kan náà, nítorí bọ́bìnì tó tán láàárín etí ìsàlẹ̀ gáùn ló máa ń ran ènìyàn lọ sórí fóònù. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tó bá aṣọ mu: nọ́ńbà 14 fún àǹkárá, 9 tàbí 11 fún ṣífọ́ọ̀nù àti sílíìkì, 16 fún aṣọ òkè tó nípọn tàbí jíǹsì. Bí aṣọ méjì bá ní ọjọ́ kan náà, ẹ tò wọ́n kí àwọ̀ òwú wọn tẹ̀lé ara wọn, kí funfun sì ṣáájú dúdú, kí èérún òwú dúdú má bàa wọ aṣọ funfun.

Lẹ́yìn èyí, iṣẹ́ yín ni láti dé ibi ìdúró tó kàn. Àwọn kan ń fi aago pín iṣẹ́ wọn. Ọ̀nà tí Francesco Cirillo dá sílẹ̀ ní Ítálì ní ìparí àwọn ọdún 1980 ni ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi. Ó dára fún akẹ́kọ̀ọ́ àti òǹkọ̀wé. Fún télọ̀, kò bá a mu, nítorí agogo lè dún nígbà tí apá òsì wà ní ìdajì. Ẹ jẹ́ kí aṣọ fúnra rẹ̀ jẹ́ aago yín. Àwọn ibi tí ẹ lè dúró láìséwu ni: nígbà tí èjìká méjèèjì ti so, nígbà tí apá méjèèjì ti wọlé, nígbà tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti pa dé, nígbà tí síìpù ti dé ìsàlẹ̀, nígbà tí etí ìsàlẹ̀ ti yí ká tán.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ohun tó bá jẹ́ méjì, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ parí. Ẹ rán apá ọ̀tún pẹ̀lú ààbọ̀ ínṣì, ẹ lọ jẹun, ẹ padà dé, ọwọ́ yín sì fi díẹ̀ kún un láìmọ̀. Apá òsì á wá fún. Ẹ lè rò pé oníbàárà sanra ni.

Bí ìdí bá wà láti dìde ṣáájú ibi ìdúró, bí ọmọ tó ń sunkún tàbí ìyá yín tó ń pè, ẹ fi abẹ́rẹ́ máṣíìnì sínú aṣọ kó di ojú ibẹ̀ mú, kí ẹ sì kọ ohun tó kù sórí bébà kékeré: “Ó ku apá òsì, ààbọ̀ ínṣì. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀gbẹ́.” Ẹ fi píìnì so ó mọ́ aṣọ. Ó dà bí ohun tí kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n Sophie Leroy àti Theresa Glomb fi hàn ní 2018 pé ẹni tó kọ ibi tó dé dúró àti ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe tó bá padà máa ń lè gbé ọkàn kúrò lórí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀, kó sì gbájú mọ́ èyí tó kàn án. Ìṣẹ́jú kan ni kíkọ rẹ̀ ń gbà.

Fóònù, àti ẹni tó yà wọlé

Ẹ yan ìgbà mẹ́ta lójúmọ́ fún fóònù: aago mẹ́wàá àárọ̀, aago méjì ọ̀sán, aago márùn-ún ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Láàárín wọn, ẹ pa ìró rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí nọ́ńbà àwọn ará ilé nìkan lè wọlé. Ọ̀pọ̀ fóònù tó ń lo íntánẹ́ẹ̀tì ló ní ibi tí a ti ń ṣe ètò yìí. Ẹ pa ìró gbogbo gúrúùpù WhatsApp láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Ẹni tó bá ń lo WhatsApp Business lè kọ ìdáhùn tó máa lọ fúnra rẹ̀, báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o. A ti rí ọ̀rọ̀ yín. A wà lẹ́nu ìránṣọ lọ́wọ́, a máa dá yín lóhùn ní aago méjì ọ̀sán. Ẹ ṣé púpọ̀ fún sùúrù yín.” Kí aago tí ẹ bá kọ jẹ́ aago tí ẹ ó dáhùn lóòótọ́. Bí ẹ bá yẹ̀ é lẹ́ẹ̀mejì, oníbàárà á padà sí pípè ní ìgbà mẹ́wàá.

Ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá yàtọ̀. Kò sí iṣẹ́ tó ní ká má kí àgbàlagbà tó wọlé. Ẹ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sọ pé: “Ẹ káàbọ̀ mà, ẹ jókòó díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n mú ibí yìí délẹ̀, mò ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín.” Àga tó mọ́, omi tútù àti àwòrán aṣọ láti máa wò lè jẹ́ kó fi ìdùnnú dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ ni kí a máa rán síìpù lọ kí a sì máa dúnàádúrà lẹ́ẹ̀kan náà: síìpù á wọ́, ẹ ó sì gba owó tó kéré.

Ẹ sọ fún gbogbo oníbàárà nígbà tí wọ́n ń san owó àkọ́kọ́ pé sítáì ò ṣeé yí padà mọ́ tí a bá ti gé aṣọ. Ìyẹn máa dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn àwòrán sítáì tuntun tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lálẹ́ dúró.

Iná NEPA

Ibí yìí ni a ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwá-sẹ́yìn díẹ̀, nítorí iná ò ní dúró de ètò wa. Ẹ kó gbogbo ohun tó nílò iná jọ sí apẹ̀rẹ̀ kan: ẹ̀yà tó nílò gum stay (aṣọ tí a ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn kó lè le), ìrán tó nílò áyọ́ọ̀nù kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹnu aṣọ tó nílò wíìfù kó má bàa tú. Bí iná bá dé, ẹ má fò sókè. Ẹ mú ohun tó wà lọ́wọ́ dé ibi ìdúró tó kàn, ẹ so bébà mọ́ ọn, kí ẹ wá kojú apẹ̀rẹ̀ náà títí yóò fi tán: gum stay gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà áyọ́ọ̀nù gbogbo rẹ̀, lẹ́yìn náà wíìfù. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún jẹnẹrétọ̀: ẹ tàn án lẹ́ẹ̀kan fún apẹ̀rẹ̀ tó kún, dípò ìgbà mẹ́rin fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ kí ẹ lọ wo nǹkan mìíràn. Léèsì olówó iyebíye lè yọ́ láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Àwọn ọmọṣẹ́

Ọ̀gá tó ti kọ́ ara rẹ̀ láti máa ṣe ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan ṣì lè máa fọ́ ọkàn àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. “Sọ òwú sí i, sáré ra búrẹ́dì, wá di ibí yìí mú, ta ló ń kanlẹ̀kùn?” Ọmọ náà ń rán etí ìsàlẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn, a ó sì bínú pé ìrán rẹ̀ wọ́.

Kí ẹnì kan jẹ́ ẹni iwájú ṣọ́ọ̀bù fún ìdajì ọjọ́: òun ló ń kí oníbàárà, òun ló ń gba ìpè, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kò sì ní jókòó ti máṣíìnì títí á fi di ọ̀sán, tí ẹlòmíràn á gbà á. Ẹ kó gbogbo ohun rírà jọ sínú ìwé kan, kí ẹnì kan lọ ọjà lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún síìpù, òwú, láínìn àti bọ́tìnì, pẹ̀lú àgékù aṣọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀ kí àwọ̀ lè bá ara mu. Bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ ọmọṣẹ́ ní nǹkan tuntun, ẹ gbé iṣẹ́ tiyín sílẹ̀ kí ẹ kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọmọ láìkọjú sí i, a ó tún un kọ́ ní ìgbà mẹ́ta.

Iṣẹ́ pàjáwìrì, àti aṣọ tó há

Oníbàárà kan dé ní Ọjọ́bọ̀, ó fẹ́ aṣọ fún Sátidé, ó ní òun á san ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá máa gbà á, kò gbọdọ̀ wọ àárín aṣọ kan. Ààlà aṣọ méjì ni kó bọ́ sí. Ẹ parí èyí tó wà lẹ́nu máṣíìnì, kí ẹ tó mú tirẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù ni kí ẹ fi ààyè aṣọ kan sílẹ̀ lófìfo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí pàjáwìrì ò bá wá, ẹ fi ṣe àtúnṣe àwọn aṣọ tó padà wá.

Ìgbà mìíràn aṣọ máa ń há: síìpù tó dé kò bá àwọ̀ mu, òwú tán ní ọjà. Ẹ kọ ohun tó ń dá a dúró sórí ọ̀rá rẹ̀, kí ẹ mú èyí tó ń dúró dè yín lórí ìṣó *ti gé*. Bí ìyẹn náà bá há, ẹ má ṣí ìkẹta. Ẹ dìde lọ wá síìpù náà. Ìdí tí ṣọ́ọ̀bù fi máa ń kún fún ààbọ̀ aṣọ ni pé ó rọrùn láti gé tuntun ju kí a yanjú èyí tó há lọ.

Ohun tó lè bá iṣẹ́ rìn

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń ba iṣẹ́ jẹ́. Fífi ọwọ́ rán etí aṣọ, rírán bọ́tìnì, yíyọ òwú tó ṣẹ́kù: ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́ yìí lè ṣe é nígbà tí ẹnu ń sọ̀rọ̀ tàbí tí rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi àwọn iṣẹ́ yìí pamọ́ fún ọ̀sán tí oníbàárà ń wọlé tó ń jáde. Ṣùgbọ́n ẹ pa rédíò nígbà ìwọ̀n àti gígé, nítorí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lè pe nọ́ńbà nígbà tí nọ́ńbà tiyín wà lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ pé òun wà lára àwọn tí ìpín ọkàn ò dí lọ́wọ́, kó mọ̀ pé wọ́n ṣọ̀wọ́n. Ní 2010, Jason Watson àti David Strayer kó ènìyàn 200 jọ, wọ́n ní kí wọ́n máa wa ọkọ̀ lórí ẹ̀rọ ìdánwò kí wọ́n sì máa ṣe iṣẹ́ ọpọlọ lórí fóònù. Ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni wọn ò rí ìyàtọ̀ lára iṣẹ́ wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ pọ̀, pàápàá tí ọdún Iléyá tàbí Kérésìmesì bá ti wọlé dé. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, àwọn ọ̀rá àti ìṣó mẹ́rin nìkan, láìgé aṣọ tuntun kankan títí gbogbo ààbọ̀ aṣọ tó wà nílẹ̀ á fi tán. Ní ìkejì, ìdákẹ́jẹ́ gígé láàárọ̀. Ní ìkẹta, ibi ìdúró àti bébà. Ní ìkẹrin, fóònù àti ẹni iwájú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló le jù, nítorí oníbàárà ni ó kàn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ẹ kọ nọ́ńbà méjì sí ẹ̀yìn ìwé ńlá náà: iye aṣọ tó jáde lọ́sẹ̀ yẹn, àti iye ìgbà tí ẹ tú ìrán. Bí aṣọ tó ń jáde bá pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí títú ò dín kù, ẹ wo ibi tí títú náà ti ń ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹ ṣì ń dúró ní àárín ohun tó jẹ́ méjì. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ń fún tàbí ó ń ṣò nígbà tí oníbàárà bá wọ̀ ọ́ wò, ẹ padà sí ìwọ̀n: fóònù ẹnì kan ṣì ń wọ ibẹ̀.